Ìdánwò Ni Ó Ń Fún Oyè Ní Iyì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán Àwọn Onímọ̀ Wò ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ní Íńdíà Àtijọ́

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oyè ìmọ̀ rí láàrin àwọn baba ńlá wa. Kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó tó fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti tábìlì láti fi bébà ṣe ìdánwò ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn tí ìmọ̀ wọn jinlẹ̀ ti wà níbẹ̀. Àwọn kan gbé ẹsẹ Ifá sórí, àwọn mìíràn há Àlùkùránì sórí. Kò sí èyí tí ó kàn jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ó pe ara rẹ̀ ní babaláwo tàbí àlùfáà àgbà, tí ìlú sì gbà fún un. Wọn yóò kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ̀yìn ìdánwò ni ọlá ń wá.

Àlàyé lórí ìdánwò àti ọlá yìí ni a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. A ó wo bí wọ́n ṣe ń dán ọmọ awo wò, a ó wo bí wọ́n ṣe ń dán ọmọ kéú wò, a ó sì yà sí ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àwọn onímọ̀ èdè Sanskrit ti ń ṣe ohun tí ó jọ tiwa láti ìgbà láéláé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè; bí a bá rí bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe tiwọn, a ó túbọ̀ mọ iyì ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa.

TA NI À Ń PÈ NÍ Ọ̀MỌ̀WÉ?

Ọ̀rọ̀ náà, ọ̀mọ̀wé, ń tọ́ka sí ẹni tí ó mọ ìwé. Lóde òní, ẹni tí ó gba oyè ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì ni a sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ti wà kí ìwé tó dé. Yorùbá ní ọ̀mọ̀ràn, wọ́n ní ọlọ́gbọ́n, wọ́n sì ní awo. Awo kì í ṣe ẹni tí ó ń pa àṣírí mọ́ lásán. Ẹni tí ìmọ̀ kan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni, tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ sì ti jẹ́rìí sí i pé lóòótọ́ ni ó mọ̀ ọ́n.

Orí àwọn wọ̀nyí ni ìwé wọn. Ìdí nìyí tí ìdánwò wọn kò fi lè jẹ́ ti inú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú orí, ẹnu ni a fi ń gbé e jáde, etí ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí etí tí ó mọ òṣùwọ̀n, kò sí ìdánwò. Kí òǹkàwé fi kókó yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ohun tí a ó sọ ń dá lé lórí.

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÁN ỌMỌ AWO WÒ

Láti kékeré ni ọmọ awo ti ń bẹ̀rẹ̀. Òbí rẹ̀ yóò fà á lé babaláwo kan lọ́wọ́, yóò sì máa gbé nílé ọ̀gá rẹ̀, yóò máa jẹ́ iṣẹ́, yóò máa gbé àpò tẹ̀ lé e lọ sóde. Ó lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó sọ pé ó tó ẹni tí ó lè dá dúró. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà ni owó rẹ̀.

Ohun tí ó ní láti kọ́ kò kéré. Odù Ifá jẹ́ 256. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn ni ojú odù, láti orí Èjì Ogbè títí dé Òfún Méjì. 240 tí ó kù ni àmúlù odù. Ẹsẹ púpọ̀ ni ó wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn, ó ní orúkọ awo tí ó dá Ifá, ó ní ẹni tí a dá a fún, ó ní ẹbọ, ó ní àyọrísí. Kí ọmọ náà tó dé ìdí ẹsẹ, yóò kọ́kọ́ mọ bí a ti ń dá odù mọ̀ lójú ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fi àfọ́kù igbá ṣe ni wọ́n máa ń kó lé ọmọdé lọ́wọ́ láti fi kọ́ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ikin, ọpọ́n àti ìyẹ̀rosùn. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ikin kan bá kù lọ́wọ́, ilà méjì ni a ń tẹ̀. Bí ó bá ku méjì, ilà kan ni.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni ti ojoojúmọ́ nílé ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá pe odù kan lówùúrọ̀, ọmọ awo yóò ki ẹsẹ tí wọ́n kọ́ ọ lánàá. Kò ní àyè láti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ó ti gbọ́ ọ ni kí ó sọ ọ́. Àwọn awo gbà pé ẹsẹ Ifá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ tún ṣe, nítorí ẹni tí ó bá yí ẹsẹ padà lónìí ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́ fún ẹni tí yóò kọ́ ọ lọ́la.

Ìdánwò kejì ń wá láti ọwọ́ ẹni tí ó wá dá Ifá, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìdánwò ni òun ń ṣe. Bí ènìyàn bá wá sọ́dọ̀ babaláwo, kì í sọ ohun tí ó bá wá. Yóò mú owó, yóò sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i, yóò sì gbé e sílẹ̀ níwájú Ifá. Babaláwo yóò dá Ifá, odù yóò yọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹni náà yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Awo tí ó bá mọ ẹsẹ méjì péré lábẹ́ odù kan, kíá ni òpin yóò dé bá a. Ẹni tí ó wá yóò dìde, yóò sì gba ọ̀dọ̀ awo mìíràn lọ. Báyìí ni òkìkí babaláwo ṣe ń pọ̀ sí i tàbí ń dín kù láàrin ìlú, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ máàkì sílẹ̀.

Ìdánwò kẹta ni ó le jù. Ní ìpàdé àwọn awo àti nígbà ọdún Ifá, wọn a máa sun ìyẹ̀rẹ̀. Awo kan yóò máa lé, àwọn yòókù yóò máa gbè é ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ẹni tí ó ti kọ ìwé púpọ̀ lórí lítíréṣọ̀ Ifá, ṣàlàyé pé ìgbè yìí gan-an ni ìdájọ́. Bí ẹni tí ń lé bá sọ ọ́ bí ó ti yẹ, àwọn yòókù yóò fọwọ́ sí i. Bí ó bá ṣì í, wọn yóò sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àṣìṣe bá tún tẹ̀ lé àṣìṣe, wọ́n lè dá a dúró, wọ́n sì lè lé e kúrò láwùjọ. Ìtìjú ńlá ni. Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yóò padà sílé lọ bá ọ̀gá rẹ̀ láti tún ẹ̀kọ́ kọ́.

ỌLÁ TÍ Ó Ń TẸ̀ LÉ E

Ipò àwọn babaláwo kò dọ́gba. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde ní ọdún 1969, ṣàlàyé ọ̀wọ́ mẹ́ta tí ó bá níbẹ̀: àwọn elégán, àwọn adóṣù tí wọ́n ń dá òṣù irun sí lórí, àti àwọn olódù, àwọn tí wọ́n ti ní Odù nílé. Lókè gbogbo wọn ni àwọn olóyè awo mẹ́rìndínlógún wà, Àràbà ni olórí wọn, Àgbọngbọ̀n sì tẹ̀ lé e.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, orúkọ oyè tí ó gba iwájú lẹ́nu àwọn ènìyàn ni Olúwo. A bá oyè yìí láàrin àwọn awo, a sì bá a nínú Òṣùgbó, níbi tí Olúwo ti wà ní ipò olórí, tí Apènà sì ń pe ìpàdé tí ó sì ń bójú tó ètò rẹ̀. Èyí fi hàn pé ìmọ̀ àti àkóso ìlú kò jìnnà síra wọn láyé àtijọ́. Ẹni tí àwọn awo bá ti dán wò, tí ó yege, ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ níbi tí a ti ń gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ìlú.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí á fò. Oyè awo kì í ṣe ìsinmi. Ẹni tí ó bá di Olúwo tàbí Àràbà ni yóò máa tẹ́tí sí àwọn ọ̀dọ́ awo, òun ni yóò máa sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a dán wò lánàá ti di olùdánniwò lónìí. Ìyẹn gan-an ni ọlá náà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÁN ỌMỌ KÉÚ WÒ

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti dé Ìjẹ̀bú-Òde kí àwọn òyìnbó tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà nínú ogun Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Lẹ́yìn ogun náà ni ẹ̀sìn náà gbilẹ̀. Nígbà tí Balógun Kúkú, gbajúmọ̀ ọlọ́lá àti jagunjagun, gba Ìsìláàmù ní ọdún 1902, ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀ lé e. Orúkọ rẹ̀ náà ni ìtàn so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba, ayẹyẹ tí ó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ibi tí Mùsùlùmí bá sì pọ̀ sí, ilé kéú kò ní ṣàì wà níbẹ̀.

Wàláà àti tàdáwà ni irin iṣẹ́ ọmọ kéú. Lẹ́yìn tí ó bá ti mọ lẹ́tà láti orí álífù, àlùfáà yóò kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sára pátákó wàláà. Súrà Fátíhà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ́, lẹ́yìn náà wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìwé, níbi tí àwọn súrà kéékèèké wà, wọn yóò sì máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi parí súrà 114.

Ìdánwò ojoojúmọ́ wà nínú fífọ wàláà. Ọmọ kò gbọdọ̀ fọ wàláà rẹ̀ títí yóò fi ké ohun tí ó wà níbẹ̀ sétí àlùfáà láìwo ojú rẹ̀. Bí ó bá ṣì í, ẹ̀kọ́ àná náà ni yóò máa gbé kiri. Bí ó bá kà á já, yóò fọ ọ́, wọn yóò sì kọ òmíràn fún un. Wàláà tí ó mọ́ tónítóní ni ìwé ẹ̀rí ọmọ kéú. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá rí i pé ohun tí ó wà lára pátákó ti wọ inú orí lọ.

Ìdánwò gbangba ni wólímọ̀. Ní ọjọ́ yìí, ọmọ kéú yóò múra bí ọba, yóò jókòó láàrin àwọn àlùfáà, àwọn òbí, àwọn ẹbí àti àwọn ará àdúgbò, wọn yóò sì ṣí Àlùkùránì síwájú rẹ̀. Yóò kà, àlùfáà rẹ̀ yóò máa tẹ́tí, àwọn àlùfáà àlejò náà yóò máa tẹ́tí. Ibi tí ó bá ti fa ohùn tí kò yẹ kí ó fà, wọn yóò dá a padà. Bí ó bá kà á bí ó ti yẹ, àdúrà àti owó yóò máa rọ̀jò lé e lórí, oúnjẹ yóò sì yí àdúgbò ká. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá, Ìjẹ̀bú pẹ̀lú, wọn a máa so wólímọ̀ pọ̀ mọ́ ìgbéyàwó, tí ìyàwó tuntun yóò ka Àlùkùránì kí ó tó lọ sílé ọkọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: kí ilé méjèèjì mọ̀ pé ẹni tí a kọ́ ni wọ́n ń fi fún ara wọn.

Wólímọ̀ kì í ṣe òpin ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ di àlùfáà yóò tẹ̀ síwájú sí ìlímì: gírámà èdè Lárúbáwá, òfin ẹ̀sìn, hàdíìsì àti ìtumọ̀ Àlùkùránì. Lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, yóò jókòó ti olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Láyé àtijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí ó bá ti kà á tán, tí ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀, olùkọ́ lè fún un ní ìjásà, èyí tí í ṣe àṣẹ láti fi ìwé náà kọ́ ẹlòmíràn. Nínú ìjásà, orúkọ olùkọ́ wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí ó kọ́ olùkọ́ náà wà níbẹ̀, títí yóò fi kan ẹni tí ó kọ ìwé. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni Ahmad Baba ti Timbuktu, gbajúmọ̀ onímọ̀ tí ó gbé ayé láti ọdún 1556 sí 1627, gbà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, Muhammad Baghayogho.

Láàrin wa, láwàní ni àmì ọlá náà. Wọ́n ń wé láwàní fún Lẹ́mọ̀ọ́mù, fún Nàíbù tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀, fún Mùfásírù tí ń túmọ̀ Àlùkùránì, àti fún Ajánásì tí ń ké e kí Mùfásírù tó túmọ̀. Ìdánwò Mùfásírù kò sì tán lọ́jọ́ ìwéláwàní. Ọdọọdún, nínú ààwẹ̀ Rámádáànì, yóò jókòó níwájú ìjọ láti ṣe tàfsírì, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀. Bí ìtumọ̀ rẹ̀ bá wọ́, wọ́n á mọ̀.

Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún ogún, àwọn àlùfáà kan nílẹ̀ Yorùbá mú ètò kíláàsì, ìdánwò orí bébà àti ìwé ẹ̀rí wọ inú ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Ṣéù Ádámù Abdullah Al-Ilory dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955. Ní ọdún 1957, Ṣéù Murtada Abdus-Salam dá Ma'had sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti irú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ àlùfáà ìlú wa ti jáde.

BÍ WỌ́N TI ṢE É NÍ ÍŃDÍÀ

Ẹ jẹ́ kí á yà sí Íńdíà wàyí. Ọ̀rọ̀ mímọ́ tí wọ́n ń pè ní Veda ti wà lórí ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ kan má baà yí padà, wọ́n dá oríṣiríṣi ọ̀nà kíké sílẹ̀. Nínú èyí tí ó ṣòro jù, tí wọ́n ń pè ní ghana, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ké ọ̀rọ̀ kìíní àti ìkejì, yóò dá wọn padà láti ẹ̀yìn, yóò tún ké wọn síwájú pẹ̀lú ìkẹta, yóò dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láti ẹ̀yìn, yóò sì tún ké wọn síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i. Báyìí ni yóò ṣe títí yóò fi parí ìwé náà. Ẹni tí ó bá lè ṣe é ní orúkọ ọlá tirẹ̀, ghanapathi. Ẹni tí ó bá mọ bí ọmọ awo ṣe ń gbé Ifá sórí kò ní ṣe hàà. Iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀nà ni ó yàtọ̀.

Ìtàn àríyànjiyàn tí ó lókìkí jù lọ láàrin wọn wà nínú Brihadaranyaka Upanishad. Ọba Janaka ti Videha kó àwọn onímọ̀ jọ, ó sì so 1,000 màlúù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú wúrà lára ìwo wọn. Ó ní kí ẹni tí ó bá mọ̀ jù kó wọn lọ. Kò sí ẹni tí ó mira, àfi Yajnavalkya, tí ó ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa da àwọn màlúù náà lọ sílé. Inú bí àwọn yòókù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dá wọn lóhùn. Obìnrin kan wà láàrin wọn, Gargi ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó bi í ní ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ jù, òun kan náà ni ó sì sọ fún àwọn ọkùnrin pé kò sí ẹni tí yóò lè borí rẹ̀. Yajnavalkya ti mú ọlá ṣáájú ìdánwò lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní nǹkan bí 900 ọdún lẹ́yìn ikú Jésù, akéwì kan tí ń jẹ́ Rajashekhara kọ ìwé kan, Kavyamimamsa, tí ó fi kọ́ àwọn akéwì níṣẹ́. Ó sọ níbẹ̀ pé ó yẹ kí ọba máa pe àpérò láti dán akéwì àti onímọ̀ wò. Ó ní ìlú Ujjayini ni wọ́n ti ń dán àwọn akéwì wò, ó ka Kalidasa mọ́ wọn. Ó ní Pataliputra ni ti àwọn onímọ̀, ó sì dárúkọ Panini, ọ̀gá nínú gírámà Sanskrit. Ẹni tí ó bá yege, wọn a gbé e gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin ọlá, wọn a sì fi ọ̀já wé orí rẹ̀. Ó mà jọ láwàní tiwa o!

Ní Nalanda, ilé ẹ̀kọ́ ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ẹnu ọ̀nà ni ìdánwò ti ń bẹ̀rẹ̀. Xuanzang, ará Ṣáínà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún keje, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ bi àlejò ní ìbéèrè líle, àti pé nínú ènìyàn 10, méje tàbí mẹ́jọ ni ó ń padà sẹ́yìn. Ní Mithila, níbi tí ìmọ̀ àròjinlẹ̀ ti gbilẹ̀, wọ́n ń ṣe ìdánwò abẹ́rẹ́. Ewé igi tí ó jọ ọ̀pẹ ni wọ́n ń kọ ìwé sí nígbà náà. Wọn yóò ti abẹ́rẹ́ bọ inú ìdì ewé náà, ewé tí ẹnu abẹ́rẹ́ bá dúró lé ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣàlàyé. Kò lè mọ ibi tí abẹ́rẹ́ yóò dé, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ìwé náà.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan wọn ni a lè máa yìn. Ẹ̀kọ́ Veda kò sí fún gbogbo ènìyàn. Ìran tí a bí ènìyàn sí ni ó ń pinnu bóyá yóò kọ́ ọ tàbí kò ní kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọlá wọn sì wà lọ́wọ́ ọba, ẹni tí ó lè fún ẹni tí ó wù ú. Ní tiwa, awo ni ó ń jẹ́rìí sí awo, àlùfáà ni ó ń jẹ́rìí sí àlùfáà, kí ọba àti ìlú tó fi ọlá tiwọn lé e.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA LÓNÌÍ

Nígbà tí Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1913, ìdánwò orí bébà ti di ọ̀nà tuntun sí ipò àti iṣẹ́. Ó ní ànfààní tirẹ̀. Ọmọ tálákà lè ṣe é, kí ó sì borí ọmọ olówó, nítorí ẹni tí ń máàkì kò mọ ojú ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó mú ohun kan kúrò: àwọn ará ìlú kò gbọ́ nígbà tí ọmọ náà ń dáhùn. Ìwé ẹ̀rí nìkan ni wọ́n rí. Láti ìgbà yẹn ni ojú wa ti ń mọ́ ìwé ẹ̀rí lára ju ìmọ̀ lọ.

Àbájáde rẹ̀ kò pamọ́. Oyè ọlá yunifásítì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà fi ṣe ìpàdé ní Keffi ní ọdún 2012, tí wọ́n sì fẹnu kò pé ẹni tí a fi oyè ọlá dá lọ́lá kò gbọdọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní Dókítà. Ní ti wólímọ̀, àwọn kan wà tí aṣọ ẹbí àti ìjókòó jẹ wọ́n lógún ju kíkà lọ, tí ojú ìwé kan ṣoṣo tí ọmọ ti fi oṣù méjì há sórí ni yóò kà. Oyè awo pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ní owó ṣùgbọ́n tí kò ní ẹsẹ. Ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó gba oyè náà. Aláìsàn tí wọ́n fún ní ewé òdì ni, ìjọ tí wọ́n túmọ̀ ẹ̀sìn lódì fún ni, ọmọ tí yóò kọ́ àṣìṣe bí ẹni pé òótọ́ ni ni.

A kò ṣàì rí ìgbìyànjú dáadáa. Àjọ UNESCO kéde ètò Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn ní ọdún 2005, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008, ọdún kan náà tí wọ́n kọ kíké Veda sí i. Wándé Abímbọ́lá tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yege nínú ìdánwò méjèèjì: ó jẹ Àwíṣẹ Awo Àgbáyé ní ọdún 1981, ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1982 sí 1989. Ní ìhà tiwa, Òde Rẹ́mọ ni D. Onadele Epega ti kọ ìwé lórí Ifá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún; láti inú ìdílé náà ni Afolabi Epega ti jáde, tí òun àti Philip Neimark tẹ ìwé ẹsẹ Ifá jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1995. Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó wàjà ní ọdún 2025 lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ lórí ìmọ̀ ìṣàkóso ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ìwé, fídíò àti íńtánẹ́ẹ̀tì lè pa ẹsẹ mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ṣì í. Ẹni tí ó mọ̀ nìkan ni ó lè ṣe ìyẹn. Nígbà tí àgbà awo kan bá kú láìní ọmọ ẹ̀kọ́, ẹsẹ tí ó mọ̀ nìkan kọ́ ni a pàdánù. A pàdánù etí kan tí ó lè gbọ́ àṣìṣe. Bí irú etí bẹ́ẹ̀ bá tán láwùjọ, ẹnikẹ́ni lè dìde láti sọ ohun tí ó wù ú, gbogbo ènìyàn yóò sì máa gbè é lẹ́yìn.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún gbogbo wa. Bí a bá fẹ́ fi ẹnì kan joyè nítorí ìmọ̀, kí á bèèrè ohun méjì: ta ni ó kọ́ ọ, àti ta ni ó ti tẹ́tí sí i? Bí a bá ń ṣe wólímọ̀ fún ọmọ wa, kí á gba àlùfáà láyè láti ṣí ìwé síbi tí ó bá wù ú, bí àwọn ará Mithila ti ń fi abẹ́rẹ́ ṣe é. Bí a bá ní àgbà tí ó mọ̀ nítòsí, kí á fi ọmọ kan tì í, kí etí rẹ̀ má baà bá a lọ sí sàréè. Láwàní kì í gbé ìmọ̀ wọ orí tí a wé e lé. Orí tí ó ti yege ni ó ń fún láwàní ní iyì.